Ká ní Áísílándì jáde kúrò nínú NATO ní 1976: ẹ bá mi wá ibi tí ìtàn yìí ti já

Ọmọ Ọ̀sà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìtàn ká-ní kan ni mo ń kọ lọ́wọ́ lórí Áísílándì, erékùṣù tí èrò inú rẹ̀ kò ju bí 220,000 lọ nígbà náà, tí kò ní ọmọ ogun kankan, síbẹ̀ tó wà nínú NATO, ẹgbẹ́ ààbò Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn, láti 1949 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Bí mo ṣe tò ó nìyí. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1976, nígbà ogun ẹja kọ́ọ̀dù ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹn ìjà Áísílándì àti Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹni tó lè pẹja nínú omi tó yí Áísílándì ká, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Falmouth kọlu Týr, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Áísílándì. Títí débẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Nínú ìtàn tèmi, Týr rì, atukọ̀ mẹ́fà sì bá a lọ. Ìjọba Reykjavík jáde kúrò nínú NATO lóru ọjọ́ náà. Kí oṣù keje tó parí, àwọn ará Amẹ́ríkà ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní ibùdó Keflavík. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ ogun Sófíẹ̀tì ti gúnlẹ̀ sí Hvalfjörður, apá òkun kan tó wọ inú ilẹ̀ Áísílándì.

Ẹnì kan kà á, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, kò sì sọ ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló ti já? Kí ni mo lè tún ṣe sí i?

Agbẹjọ́rò Etíkun
Àdéhùn méjì ló wà níbẹ̀, ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni àdéhùn NATO fúnra rẹ̀. Èkejì ni àdéhùn ààbò tí Áísílándì àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 1951. Èkejì yìí ló gbé ọmọ ogun Amẹ́ríkà dé Keflavík. Orílẹ̀-èdè lè fa ọ̀kan ya kó sì di èkejì mú.

Kò sì sí èyí tó ṣeé fà ya lóru ọjọ́ kan. Abala 13 àdéhùn NATO sọ pé lẹ́yìn ogún ọdún, ẹni tó bá fẹ́ lọ á kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà, ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìwé náà ló tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ti ibùdó le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 7 àdéhùn 1951 ní kí ìjọba tó bá fẹ́ kí ológun lọ kọ́kọ́ bẹ ìgbìmọ̀ NATO pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí wọn ò fẹnu kò, ìgbà yẹn ni ó tó lè fún wọn ní ìwé ìparí. Láti ọjọ́ ìwé ìparí yẹn, oṣù méjìlá. Ẹ ṣírò rẹ̀: oṣù méjìdínlógún ni ó kéré tán. Ti yín ò tó oṣù mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé èèyàn lè sọ pé nínú ìbínú, ta ló ń wo abala. Àwọn ará Áísílándì ń wò ó. Gbogbo agbára tí wọ́n ní sí Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni. Orílẹ̀-èdè tí kò ní ìbọn ńlá, tó ń sọ fáyé pé òun ló ni omi tó yí òun ká títí dé máìlì 200, kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé àdéhùn.

Tádé Ìtàn
Ẹ gbé e padà sí 1956, ó máa rọrùn. Lóṣù kẹta ọdún yẹn ni ilé aṣòfin wọn, Althingi, dìbò pé kí ológun Amẹ́ríkà máa lọ. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹfà, Hermann Jónasson dá ìjọba àwọn apá òsì sílẹ̀ lórí ìlérí yẹn. Ohun tó dá a dúró kò ju pé Sófíẹ̀tì kó tánńkì wọ Họ́ńgárì lóṣù kọkànlá, tí ìjà Suez sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ yọ Họ́ńgárì kúrò, Áísílándì ti jáde kúrò nínú NATO nìyẹn.

Agbẹjọ́rò Etíkun
Tádé, apá kan òótọ́ ni. Ibùdó ni wọ́n dìbò lé lórí ní 1956, kì í ṣe NATO. Ogún ọdún tí abala 13 ń wí kò tíì pé: ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1949 ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà kò sí ilẹ̀kùn àbájáde kankan ṣáájú oṣù kẹjọ 1969. Àbájáde 1956 máa jẹ́ Áísílándì tó wà nínú NATO tí kò ní ológun àjèjì lórí ilẹ̀, bí Nọ́wè ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ní òun ò ní fàyè gba ibùdó àjèjì nígbà àlàáfíà. Ìtàn tó dáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí Ọmọ Ọ̀sà ń kọ.

Tádé Ìtàn
Mo gbà. Mo ti da méjèèjì pọ̀ bíi ti Ọmọ Ọ̀sà. Owó tí Amẹ́ríkà yá wọn lópin ọdún 1956 náà tún wà níbẹ̀ tí mi ò kà, kì í ṣe Họ́ńgárì nìkan.

Ìyá Aláwọ̀n
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ológun, ẹ ò mẹ́nu ba ẹja. Ẹja ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọjà mẹ́rin tí Áísílándì bá tà sí òkèèrè nígbà yẹn, bíi mẹ́ta jẹ́ ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa dorí kọ tí wọ́n bá kúrò nínú NATO, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa ra ẹja wọn.

Ẹ wo 1952. Wọ́n sún ààlà omi wọn láti máìlì mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn tó ni ọkọ̀ apẹja nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti èbúté wọn mọ́ ẹja Áísílándì, ìyẹn ọjà ẹja tútù tó tóbi jù tí wọ́n ní. Ní 1953 Sófíẹ̀tì bá wọn ṣe àdéhùn òwò: ẹ kó ẹja dídì àti ṣàwá wá, ẹ gba epo. Bí orílẹ̀-èdè NATO ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo Sófíẹ̀tì sínú ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí sójà Sófíẹ̀tì kan tó fẹsẹ̀ tẹ Reykjavík. Ọdún mẹ́rin ni Gẹ̀ẹ́sì fi ti ilẹ̀kùn kó tó ṣí i. Nítorí náà Sófíẹ̀tì tó máa wọ ìtàn yín, ẹ jẹ́ kó gbé páálí ẹja àti jálá epo wọlé. Ọkọ̀ ogun tí ẹ kó wá sí Hvalfjörður, n kò rí ìdí rẹ̀.

Èkejì, Ẹgbẹ́ Ọjà Yúróòpù. Áísílándì bá wọn tọwọ́ bọ àdéhùn ní 1972 pé kí owó orí ẹja wọn dínkù. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé kan tí wọ́n so mọ́ ọn, Protocol 6, pé ẹ̀dínwó náà kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí ìjà ẹja bá parí. Lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1976 ni ẹ̀dínwó tó wọlé. Bí ìtàn yín bá jẹ́ kí ìjà náà máa lọ títí dé 1977, ẹja wọn á máa san owó orí gọbọi ní gbogbo èbúté Jámánì. Ẹ fi eléyìí sínú rẹ̀. Ebi ló máa ń mú ìjọba yí ọkàn padà.

Ẹ̀kẹta, Nàìjíríà. Pánla gbígbẹ tí àwọn ará Ìbò ń pè ní òkpòròkò, tí wọ́n so rọ̀ sórí igi tí atẹ́gùn òtútù gbẹ ẹ́ tó fi le bí igi ìdáná, àti orí rẹ̀ náà, ibi tó ń lọ jù láti Áísílándì ni ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ọjà yẹn ti pa, ṣàwá sì dàwátì nínú òkun wọn lákòókò kan náà. Lóṣù kọkànlá 1967 Áísílándì já owó rẹ̀ wálẹ̀, lóṣù kọkànlá 1968 wọ́n tún já a wálẹ̀. Ní 1976 owó epo ti dé Nàìjíríà. Bí Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù bá tilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ pánla máa bọ̀ ní Àpápá. Ìyẹn máa dun ọmọ Yorùbá kà ju ọkọ̀ abẹ́ omi lọ, òótọ́ sì ni.

Awòràwọ̀ Rédà
Mo fara mọ́ ti Ìyá Aláwọ̀n lórí ẹja, ṣùgbọ́n kí a má fojú kéré ohun tó wà ní Keflavík nígbà yẹn. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Sófíẹ̀tì láti ẹkùn Murmansk kò ní ọ̀nà míì sí Àtìláńtíìkì tó ṣe tààrà ju kí wọ́n gba àlàfo méjì kọjá lọ: láàárín Gírínlándì àti Áísílándì, tàbí láàárín Áísílándì àti Skọ́tlándì. Keflavík ló jókòó sí àárín. Ọkọ̀ òfurufú P-3 Orion tó ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi kiri ń gbéra níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ ohun èlò sísàlẹ̀ òkun tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn, ilé tí wọ́n ti ń ka ìró náà sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ogun Phantom ń jáde lọ pàdé àwọn ti Sófíẹ̀tì. Ọmọ ogun bí 3,000.

Tí gbogbo ìyẹn bá kúrò, ẹ má kọ ọ́ pé ojú NATO fọ́ ní ọjọ́ kan. Ọkọ̀ òfurufú Nimrod ti Gẹ̀ẹ́sì, tó ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi bákan náà, wà ní Kinloss ní Skọ́tlándì, ti Nọ́wè wà ní Andøya. Èyí tó máa ṣófo jù ni àlàfo apá ìwọ̀-oòrùn, ní ẹ̀gbẹ́ Gírínlándì, nítorí láti Skọ́tlándì débẹ̀, ọkọ̀ òfurufú á ti jẹ púpọ̀ nínú epo rẹ̀ lójú ọ̀nà, àkókò tó kù fún un láti ṣọ́ omi á kéré. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ìbẹ̀rù Washington lé.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí kì í rántí. Pápákọ̀ òfurufú Keflavík nígbà yẹn, ti ológun àti ti èrò, ọ̀kan náà ni. Inú ọgbà ibùdó ni ilé èrò wà títí wọ́n fi kọ́ tuntun síta ní 1987. Amẹ́ríkà ló ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀, òun ló ń bójú tó iná ojú ọ̀nà àti àwọn apanápaná. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Áísílándì ń gbé èrò olówó pọ́ọ́kú láti New York gba Keflavík lọ sí Luxembourg, ìyọ̀ǹda Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń balẹ̀ ní New York. Nítorí náà, ọjọ́ tí ológun bá lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wa ẹni tó máa gbá yìnyín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ bí oṣù méjìlá tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ onílẹ̀ níṣẹ́ náà, tí owó rẹ̀ ń wọ ìṣúná ìjọba.

Bọ́sùn
Èmi ò gbà pé Sófíẹ̀tì ò ní wá. Ibi tó ṣófo ni wọ́n máa ń wọ̀. Ẹ wo Kúbà.

Ìyá Aláwọ̀n
Bọ́sùn, Kúbà pè wọ́n ni. Ta ló máa pè wọ́n ní Áísílándì? Àwọn tó kórìíra ibùdó níbẹ̀ gan-an, igbe tí wọ́n ń ké ni pé kí Áísílándì kúrò ní NATO, kí ológun sì lọ. Ológun ẹnikẹ́ni ni wọn ò fẹ́. Láti 1918 tí Dẹ́nmárkì ti gbà pé wọ́n dá dúró ni wọ́n ti kéde pé àwọn ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni títí ayé. Ní 1939 tí Jámánì ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú òun máa balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1940 tí Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun wọlé láìgbàṣẹ, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Ní 1945 Amẹ́ríkà fẹ́ gba ibi mẹ́ta fún ọdún 99, Hvalfjörður tí Ọmọ Ọ̀sà dárúkọ wà nínú wọn, wọ́n ní rárá. Ẹni tó sọ rárá fún ẹni tó gbèjà rẹ̀ nínú ogun, ṣé Sófíẹ̀tì ni yóò wá ní kó máa bọ̀?

Bọ́sùn
Ó dáa, mo gbọ́ ti onílé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ "ìwádìí òkun" Sófíẹ̀tì tó ń wọ èbúté wá gba epo àti oúnjẹ ńkọ́? Ìyẹn kò nílò àdéhùn ológun.

Awòràwọ̀ Rédà
Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ẹ fi ìyẹn rọ́pò ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ tó kún fún ẹ̀rọ ìgbọ́ròó tó ń ra búrẹ́dì ní Reykjavík, aṣojú Amẹ́ríkà náà kò ní sùn.

Atúkọ̀ Àgbà
Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe nípa ọ̀nà tí ìjà ẹja ń gbà wáyé, nítorí tí ẹ bá ṣi ibẹ̀ kọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti pa ìwé dé kó tó kan ọ̀rọ̀ NATO. Kì í ṣe ìbọn ni ohun ìjà Týr. Agé tí wọ́n fi ń gé wáyà ni. Ó dà bí ìdákọ̀ró kékeré tó ní ìka mẹ́rin, ojú abẹ wà níbi tí ìka kọ̀ọ̀kan ti pàdé igi àárín. Wọ́n so ó mọ́ wáyà, wọ́n ń fà á nínú omi lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọkọ̀ apẹja ńlá ń fi wáyà méjì fa àwọ̀n. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá ní ìdábùú, kí agé lè sá pàdé wáyà náà nínú omi. Bí ìka bá ti fi wáyà kọ́, wáyà á yọ̀ wọ inú ojú abẹ, agbára ìfà ọkọ̀ méjèèjì á gé e. Bí ọ̀kan bá gé, àwọ̀n á ká, kò lè pẹja mọ́. Bí méjèèjì bá gé, àwọ̀n tẹja-tẹja lọ sísàlẹ̀ òkun. Níbi tó sún mọ́ ọkọ̀ apẹja ni wáyà ti wà lókè omi. Bó ṣe ń jìnnà sẹ́yìn ló ń rì sí i. Tí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ bá gba ọ̀nà jíjìn, agé á kọjá lórí wáyà láìkàn án. Ó di dandan kó súnmọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbá ara wọn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì á kó ara rẹ̀ sáàárín láti dí i lọ́nà. Iwájú ọkọ̀ ogun tẹ́ẹ́rẹ́, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, eré sísá ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ara ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ nípọn nítorí yìnyín. Nínú ìforígbárí, ọkọ̀ ogun ló sábà máa ń lọ ilé àtúnṣe.

Falmouth gbá Týr lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, Týr sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Kó rì kò jìnnà sí òótọ́. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tádé Ìtàn
Ikú atukọ̀ nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn ṣá. Ẹnì kan kú ní oṣù kẹjọ 1973, ẹlẹ́rọ lórí Ægir, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ Áísílándì míì, tó ń jó irin pọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbá wọn, iná mànàmáná pa á. Ìjọba apá òsì tó ti ṣèlérí láti lé ibùdó lọ ló wà lórí oyè nígbà náà. Wọ́n halẹ̀ pé àwọn á já okùn àjọṣe ìjọba sí ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun rẹ̀ jáde lóṣù kẹwàá, wọ́n sì tọwọ́ bọ àdéhùn lóṣù kọkànlá: ẹja 130,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, fún ọdún méjì. Wọn ò kúrò ní NATO. Ìjọba tó wà níbẹ̀ ní 1976, ti Geir Hallgrímsson, ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn NATO jù ló ń darí rẹ̀. Wọn ò ní ṣe ohun tí apá òsì ò ṣe. Ìdìbò 1974 ni kí ẹ yí padà.

Agbẹjọ́rò Etíkun
Ìyẹn lójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: lóṣù kẹfà 1973 ìjọba Ólafur Jóhannesson ti bẹ̀rẹ̀ abala 7 ní tòótọ́, wọ́n ti béèrè àtúnyẹ̀wò. Oṣù mẹ́fà pé lóṣù kejìlá. Ọwọ́ wọn ti wà lórí ìwé ìparí. Kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́, àwọn tó fẹ́ kí ibùdó dúró gbé ìwé kiri ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974, èèyàn tó ju 55,000 ló fọwọ́ sí i. Ní orílẹ̀-èdè tó kéré báyìí, ìyẹn ju ìdá mẹ́rin gbogbo ènìyàn lọ, tọmọdé tàgbà. Ìjọba túká lóṣù karùn-ún, ìdìbò wáyé lóṣù kẹfà, ibùdó dúró.

Èèyàn lè rò pé ẹ kàn ní láti jẹ́ kí ìwé ìparí jáde ní oṣù kìíní 1974. Ẹ má ṣe é. Tó bá jáde nígbà yẹn, ibùdó á ti ṣófo ní oṣù kìíní 1975. Ogun ẹja ẹlẹ́ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá 1975. Kí ni wọ́n máa wá fi halẹ̀? Ibùdó yẹn ni ọ̀pá wọn. Ìbẹ̀rù pé wọ́n lè tì í ló mú kí Joseph Luns, akọ̀wé àgbà NATO, máa sáré láàárín London àti Reykjavík. Áísílándì tó ti lé Amẹ́ríkà lọ tán, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ mélòó kan péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà tí agbára wọn máa ga jù lọ ni ìgbà tí ìwé ìparí ti jáde, tí oṣù méjìlá kò sì tíì pé. Àdéhùn 1973 parí ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1975. Ká ní apá òsì wà lórí oyè, tí wọ́n tún béèrè àtúnyẹ̀wò lọ́jọ́ yẹn gan-an, oṣù mẹ́fà á pé ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1976. Týr rì ní ọjọ́ 6. Ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ọmọ Ọ̀sà
Háà! Ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á ti sin òkú tán, ìwé á wà lórí tábìlì, kò sì ní sí mínísítà tó máa lè sọ pé kí wọ́n má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí mo ṣe tún un tò nìyí: ìwé tí àwọn èèyàn fọwọ́ sí ní 1974 kò kógo já, ìjọba apá òsì padà wọlé. Ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1975, ìbéèrè àtúnyẹ̀wò. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1976, Týr. Ọjọ́ 13, ìwé ìparí fún ibùdó àti ìwé ìyọkúrò NATO, méjèèjì pọ̀. Ìyókù ìtàn á wà nínú oṣù méjìlá yẹn: Luns, ọkọ̀ pánla, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá yìnyín ní Keflavík, ọkọ̀ ìwádìí òkun. Mo ti yọ Hvalfjörður kúrò. Aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ kó wá bẹ̀bẹ̀ ní Reykjavík lálẹ́ ọjọ́ 12.

Bọ́sùn
Kí ìwé méjèèjì má jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ti NATO pamọ́ dìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá kọ ti ibùdó etí ikún. Ẹni tó bá yìn gbogbo ọta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Níbi yìí, èmi àti Agbẹjọ́rò jọ wà.

Agbẹjọ́rò Etíkun
Òótọ́ ni Bọ́sùn sọ. Ti aṣojú Gẹ̀ẹ́sì náà, kò lè sí ní Reykjavík. Ọjọ́ 19 oṣù kejì 1976 ni Áísílándì ti já okùn àjọṣe ìjọba sí ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ilé aṣojú Faransé ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Reykjavík, Nọ́wè ló ń ṣe ti Áísílándì ní London. Ará Faransé ni kó wá kanlẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ sì mọ iye tí Gẹ̀ẹ́sì gbà nígbẹ̀yìn ní Oslo ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, kí ẹ lè mọ ibi tí ìdúnàádúrà yín máa ti bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ apẹja 24 lójúmọ́, fún oṣù mẹ́fà péré. Nínú ìtàn yín, pẹ̀lú òkú mẹ́fà nílẹ̀, iye yẹn gbọ́dọ̀ kéré sí i.